Ọwọ́ Òsì Lórí Kíbọ́ọ̀dù

A kì í wọ bàtà wọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa. Ọ̀gá wa obìnrin ló ṣe òfin yẹn, ó ní eruku ni ọ̀tá ẹ̀rọ. Tí ẹ bá gba iwájú yàrá náà kọjá láàárọ̀, ẹ ó rí sálúbàtà kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bíi ti ilé àdúrà àwọn aláṣọ funfun. Àwọn ọmọ á wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu ní gìgísẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ṣùgbọ́n ojú wọn kì í sí lára mi. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò.

Mi ò bá wọn jà sí i. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, àwọn òbí ló pawọ́ pọ̀ rà wọ́n. Aṣọ léèsì tí ọ̀gá wa fi ń bo tẹlifíṣọ̀n nílé rẹ̀ ló gé sí mẹ́ta tó fi bò wọ́n. Tí mo bá ti fẹ́ ṣí aṣọ náà, gbogbo kíláàsì á pa rọ́rọ́. Ìkẹ́rẹ́ la kúkú wà, lábẹ́ òkè Olósùnta, níbi tí ọmọdé ti mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n bá fi aṣọ bò, kì í ṣe ọmọdé ló ń ṣí i wò.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni mò ń sọ. Àwa ọmọ Èkìtì tí à ń ṣiṣẹ́ ọba ní Àkúrẹ́, wọ́n ní ká máa bọ̀ nílé. Atẹ̀wé ni mí. Ẹ má fojú kéré atẹ̀wé o! Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi ń tẹ̀wé, mi kì í wo ọwọ́ mi, mo lè máa bá yín ṣàwàdà kí n sì máa tẹ lẹ́tà kọmíṣánnà lọ láìṣìṣe. Ìgbà tí mo délé, àwa atẹ̀wé pọ̀ ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ ní ọ́fíìsì, à ń jókòó wo ara wa. Mo bá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Adó, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọ púráímárì. Ọkọ mi, tó jẹ́ lẹ́kítọ́rà, ní ṣé wèrè ń ṣe mí ni. Mo ní wèrè tí ẹ fẹ́ níyàwó náà nìyẹn, ẹ máa fara dà á. Láàárín oṣù díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́ ní àdúgbò wa, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni mò ń jẹ́ lọ́dọ̀ tọmọdé tàgbà.

Níṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe pẹ̀lú Púráímárì Mẹ́ta, mo ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé ọ̀tún lé e. Òsì wọn ti poora sẹ́yìn. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

"Ọwọ́ kejì ń kọ́?" Mo ti pariwo, torí ohùn mi kì í rẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó níwájú ní, "Òsì ni, mà."

Háà! Ọ̀rọ̀ sì yé mi. Nílé wa, ta ni ń fi òsì fún àgbà ní nǹkan? Ta ni ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ọmọ tó bá dán an wò, kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbá ọwọ́ náà. Àwọn ọmọ yìí sì ti wo kọ̀ǹpútà tán, wọ́n ti rí i pé nǹkan tí wọ́n ń bọ́ bàtà fún, tí wọ́n ń fi léèsì bò, tó ń gbé yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, àgbàlagbà ni. Ta ló fẹ́ fi òsì kan àgbàlagbà lójú?

Mo ní dandan ni, ọwọ́ méjèèjì. Àwọn ọmọ gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìka òsì bá ti fẹ́ tẹ lẹ́tà, ẹnu á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. "Ẹ má bínú, mà," wọ́n á tẹ A. "Ẹ má bínú, mà," wọ́n á tẹ S. Ni gbogbo yàrá bá ń kùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbàdúrà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àgbà yín. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni! Ohun tí a bá ní kó ṣe ló ń ṣe."

Ọmọ iwájú yẹn tún nawọ́ sókè. "Ta ló wá ń fi aṣọ léèsì bo ọmọ ọ̀dọ̀, mà?"

Mo ní kó jókòó jẹ́jẹ́.

Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ṣoṣo ni kò tọrọ àforíjì. Ọmọbìnrin kan ni, ó ga ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, torí ó ń tún Púráímárì Mẹ́ta kà ni. Kì í sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ ò ṣe é kà, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀. Tíṣà kíláàsì rẹ̀ ti sọ fún mi pé kí n má da ara mi láàmú lórí ẹni yẹn, pé orí rẹ̀ ò gba ìwé. Ọmọ yìí gbé ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù bí mo ṣe fi hàn wọ́n, òsì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò yára jù, kò sì ṣìṣe. Ọ̀tún rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà, òsì ti mọ̀nà tán. Ó ṣíjú wò mí bóyá màá gbá a lọ́wọ́. Nígbà tí mi ò gbá a, ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ náà, láti inú ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n ti ń bá ọwọ́ yẹn jà tipẹ́. Ní kíláàsì, rúlà ni tíṣà fi ń gbá a bó bá ti fi mú báírò. Nílé, ìyá bàbá rẹ̀ ló ń fi àjákù aṣọ kan di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Mo rí aṣọ náà nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìró àdìrẹ aláró tó ti gbó ni wọ́n ya á lára. Mo bi í pé kí ni èyí, ó sọ fún mi láìjanpata, bí ẹni ń sọ ohun tó jẹ láàárọ̀.

Ìdílé wọn dà bí ìdílé púpọ̀ nígbà náà, ìpínlẹ̀ tuntun ti pín wọn sí méjì. Ìyá ọmọ náà ṣì ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, ó ń dúró de ìwé tí yóò gbé e wá sílé. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ní Adó, kò rí ilé níbẹ̀, ó gba yàrá ní Ìkẹ́rẹ́, ó ń jáde láàárọ̀ kùtù, ó ń wọlé nírọ̀lẹ́. Ni wọ́n bá lọ mú ìyá bàbá wá láti Aisegba, kó wá máa mójú tó ilé. Mama kúrò lóko kòkó rẹ̀ àti oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, òun ni ọba, òun ni ìjòyè nínú ilé yẹn.

Mo lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó ní kí n jókòó, ó ní uṣu sísun wà nínú ilé bí mo bá fẹ́. Èdè Aisegba ló ń sọ, tiwa ní Ìkẹ́rẹ́ sì yàtọ̀ sí i, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé. Mo ní, "Mama, ọmọ yín gbọ́n o. Mi ò pọ́n yín lé. Ọwọ́ tí ẹ ń dì yẹn ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó máa lò ó, ẹ máa rí i bó ṣe máa kàwé."

Mama ò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣé. Ṣé ẹ ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fi òsì gbé omi fún bàbá ọkọ rẹ̀?"

Ẹnu mi mú, gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó kù nílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó fún un.

"Wọ́n á ní àbíìkọ́ ni," Mama ní. "Ìyá rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ kọ́ ni wọ́n máa bú. Bàbá rẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì kọ́ ni wọ́n máa bú. Èmi ni. Wọ́n á béèrè pé ṣé kò sí àgbà ní ulé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni?" Ó ju ẹ̀gẹ́ kan sínú agbada. "Mo ti sọ fún ọmọ mi. Bí ọmọ yìí bá tún fìdí rẹmi ní tẹ́ẹ̀mù yìí, mò ń mú un lọ sí Aisegba ni. Kí ló tún ń jókòó ti ìwé ṣe? Oko kì í béèrè ọwọ́ tí o fi di ọkọ́ mú."

Mo dìde, mo dúpẹ́, mo lọ. Inú bí mi débi pé mo kọjá ilé ara mi kí n tó mọ̀. Mo bínú sí Mama, mo bínú sí bàbá ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ìyá rẹ̀, mo bínú sí tíṣà kíláàsì àti rúlà rẹ̀. Ohun tó tún ń dùn mí jù ni pé Mama ò parọ́. Èmi náà ní ìyá ọkọ, mo mọ ohun tí obìnrin ń gbọ́ lórí ọwọ́ tó fi gbé abọ́ kalẹ̀. Ìfẹ́ ni Mama fi ń di ọwọ́ ọmọ yẹn, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ náà ló máa gbé e kúrò ní ilé-ìwé.

Láti ọjọ́ náà, mo gbà á láàyè kó máa wá sí yàrá kọ̀ǹpútà nígbà ìsinmi ọ̀sán, bí iná bá wà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ igi máńgòrò, òun á máa tẹ̀wé. Ohun tí kò lè fi báírò kọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo wá rí i pé kò sí ohun tí wọ́n kọ́ wọn tí ọmọ náà ò mọ̀. Ìtàn ìjàpá tí tíṣà sọ fún wọn, ó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ pátápátá, ó tún fi èébú díẹ̀ kún un tí ìjàpá kò bú nínú ti tíṣà. Mo pe tíṣà kíláàsì kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bá a tẹ̀ ẹ́?" Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ọ̀rọ̀! Mo fi aṣọ léèsì bo kọ̀ǹpútà, kí n má baà sọ ohun tí ọ̀gá wa á fi pè mí.

Ìdánwò ti kù díẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wa pe àwọn òbí pé kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n pawọ́ pọ̀ rà. Kò síná lọ́jọ́ náà. A yá jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Àwọn òbí bọ́ bàtà. Ẹ bá mi wo àwọn lẹ́kítọ́rà àti àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tí àtàǹpàkò ń yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀ wọn! Kò sẹ́ni tó gbéra ga níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ gbólóhùn kan nípa ilé wọn, kí ó sì kà á sókè.

Wọ́n ṣe é dáadáa. Ó wá kan ọmọ mi, ọlọ́wọ́ òsì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ń pè é ní ọmọ mi nígbà yẹn. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rí ìyá bàbá rẹ̀ tó ń wọlé bọ̀ lẹ́sẹ̀ lásán pẹ̀lú gèlè lórí. Ọwọ́ òsì náà wálẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọ̀tún kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ó tẹ ọ̀kan, ó ṣì í. Ó tẹ òmíràn. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara padà. Tíṣà kíláàsì sọ ọ́ sí ọ̀gá wa létí, ṣùgbọ́n mo gbọ́: "Mo ti sọ fún yín, mà. Ó ti tó kó lọ kọ́ṣẹ́."

Bó bá ṣe é báyìí níwájú gbogbo wọn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ sọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ síwájú Mama.

Mo ní, "Mama, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ̀rọ yìí, ọwọ́ méjì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo tèmi." Mo dìde, mo jókòó sí kọ̀ǹpútà kejì, mo tẹ̀wé fún un bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní Àkúrẹ́. "Ẹ wo òsì mi. Òsì yìí ti tẹ lẹ́tà sí gómìnà rí. Gómìnà ò dá a padà pé ọwọ́ òsì wà níbẹ̀."

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Mama ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ọn títí ìtìjú fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sídìí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ọmọ náà, ó fa ọwọ́ òsì yẹn jáde. Gbogbo wa rò pé ó fẹ́ gbá a ni. Ó gbé e lé kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

"Ṣe é," ó ní. "Ṣe é kí n rí i."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó pa ohun tó ti bàjẹ́ rẹ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì ń lọ. Mi ò nílò kí n wo ojú ẹ̀rọ, ìró rẹ̀ nìkan ti tó fún atẹ̀wé. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó kà á sókè: "Ilé wa ni Aisegba."

Ẹni tó bá ń tẹ̀wé á mọ̀ pé nínú orúkọ Aisegba, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọ̀tún ń tẹ̀. Òsì ló ni gbogbo ìyókù. Gbogbo ènìyàn inú yàrá yẹn ló sì rí i bí òsì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá, lẹ́kítọ́rà tó fẹ́ràn àwàdà, ní, "Ẹ gbọ́ o, a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èjìká ọmọ náà ká. Mo ti ya ẹnu kí n sọ tèmi fún bàbá náà, ṣùgbọ́n Mama ṣáájú mi. Ó yíjú sí i, kò pariwo.

"Ó ti júwe rẹ̀," Mama ní. "Ṣé kò dé ulé ni?"

Ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù bá a pa á. Lójú ẹsẹ̀ ló sọ fún tíṣà kíláàsì pé kó jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ tó bá wù ú ṣe ìdánwò, kó sì fi rúlà sílẹ̀ fún ìlà. Mama gbé gèlè rẹ̀ tún, ó wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

Ọmọ náà ṣe ìdánwò. Kò gbé ipò kìn-ín-ní o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ó yege, ó bọ́ sí Púráímárì Mẹ́rin, ó tán. Mo ránṣẹ́ kí Mama kú oríire, ó ní, "Ẹ ṣé." Mi ò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti yí ọ̀rọ̀ Aisegba padà, mi ò sì láyà láti lọ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Nínú ìsinmi, mo fẹ́ lọ sí Adó, mo dé gáréèjì, mo rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí apá Aisegba. Àpò ẹrù kan ń bẹ lórí ọmọ náà. Inú mi bàjẹ́. Mo ṣáà lọ kí wọn. Ọmọ náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mama ní kó gbé báàgì òun fún òun. Ọmọ náà ti sáré nawọ́, òsì ni.

Mama wo ọwọ́ náà. "Èmi kì í ṣe kọ̀ǹpútà o," ó ní.

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yára gbé báàgì sí ọ̀tún, ó fi ọ̀tún gbé e fún un. Mama gbà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ẹrù tó wà nílẹ̀. Mo mọ okùn tí wọ́n fi so ẹnu àpò náà. Àjákù àdìrẹ aláró ni, èyí tí mo rí nínú báàgì ilé-ìwé, wọ́n so ó ní kókó méjì pinpin. Ibẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ti yọ sí wa, ó ń gbé ẹrù wọ bùútù.

"Mama, ẹ̀yin àti ọmọ yìí lẹ jọ ń lọ?" dẹ́rẹ́bà béèrè.

"Rárá o," Mama ní. "Èmi nìkan ni. Tọmọ yìí, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń dúró sí, ulé-ìwé ló ń lọ."